Èwo Ni Kí A Kọ́kọ́ Kà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ètò Kíkà Àwọn Ìwé Ìtàn Àròsọ D. O. Fágúnwà

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín. Bí òǹkọ̀wé kan bá kọ ọ̀wọ́ ìwé tí ìtàn wọn so kọ́ ara wọn, èwo ni ó yẹ kí ẹni tí kò tíì ka ọ̀kankan nínú wọn kọ́kọ́ mú lọ́wọ́? Ṣé èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ni, tàbí èyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ṣáájú?

Ọ̀wọ́ ìwé tí mo ní lọ́kàn ni àwọn ìwé ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà. N kò ní láti lọ jìnnà kí n tó rí àpẹẹrẹ yìí. Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ore, tí ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà Òkìtìpupa, tí ó gba Odigbo kọjá lọ sí Oǹdó, tí ó sì kọjú sí Ilé-Ifẹ̀, yóò kan Òkè-Igbó lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní ọdún 1903. Ẹni tí ó bá sì ti rí igbó ọba Oluwa ní agbègbè Odigbo níhìn-ín kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé igbó kìjikìji fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní agbègbè yìí sọ fún mi pé ìwé Fágúnwà kan ṣoṣo ni àyè wà fún ní sáà ẹ̀kọ́ kan. Igbó Olódùmarè ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó ka ìwé náà dé ìdajì, ó ti sú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó wá bi mí léèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ìwé náà ni kò bá wọn lára mu ni, àbí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ọmọ tí ìwé Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó kà bá sú, kò dájú pé yóò ṣí èkejì láyé rẹ̀. Nítorí náà, yíyan ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Oríṣìí ọ̀wọ́ ìtàn mẹ́ta

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀wọ́ ìtàn kò rí bákan náà. Mo pín wọn sí oríṣìí mẹ́ta.

Èkínní ni ọ̀wọ́ tí ìtàn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ dá dúró. Àlọ́ Ìjàpá ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bí Ìjàpá bá kú nínú àlọ́ òní, yóò jí nínú àlọ́ ọ̀la, kò sì sí ọmọ tí yóò béèrè bí ó ti ṣe jí. Irú ọ̀wọ́ báyìí kò ní ètò kankan tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Èyí tí ó bá wá sí àpàlọ́ lẹ́nu ni yóò pa.

Èkejì ni ọ̀wọ́ tí ń tẹ̀ síwájú. Ibi tí ìtàn kan bá parí sí ni èyí tí ó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù méjì tí Túndé Kèlání ṣe, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn wọn, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Saworoide jáde ní 1999, Agogo Èèwọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2002. Ìlú Jogbo ni ibùdó ìtàn méjèèjì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo Agogo Èèwọ̀ yóò gbádùn rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ irú ìyà tí ìlú náà ti jẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti jókòó lórí ìtẹ́ ṣáájú, kò sì ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jọba fi gba ìlú náà lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Níbí, ètò kan ṣoṣo ni ó wà, kò sì sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó fa wàhálà. Òun ni ọ̀wọ́ tí ó ń padà sẹ́yìn: ìwé tí ó jáde ṣìkejì wá ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ irú èyí dáadáa, nítorí eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù tí à ń pè ní anime kún fún un, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa jiyàn lé e lórí gidigidi. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan. Fate/stay night jáde ní 2006. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shirou Emiya ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ní 2011, Fate/Zero jáde. Ogun tí ó jà ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni ó ń sọ, Kiritsugu Emiya, ẹni tí ó gba Shirou tọ́, ni ó sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ wo ti bàbá, nítorí òun ni ó ṣáájú. Àwọn mìíràn ní kí a kọ́kọ́ wo ti ọmọ, nítorí pé eré kejì tú àṣírí tí eré kìn-ín-ní fara balẹ̀ pa mọ́. Nígbà tí mo tẹ́tí sí irú àríyànjiyàn báyìí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ nípa àhunpọ̀ ìtàn, tí à ń fi ọjọ́ gbọọrọ kọ́ ní yunifásítì, ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sọ láìmọ̀. Mo sì tún rí i pé ọ̀rọ̀ Àkàrà-ògùn àti bàbá rẹ̀ gan-an ni.

Ìwé márùn-ún Fágúnwà àti bí wọ́n ti so kọ́ra

Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni ó sọ Fágúnwà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ogbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni àkọ́kọ́, ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ní 1963 ni ọlọ́jọ́ dé bá òǹkọ̀wé náà.

Nínú ìwé àkọ́kọ́, àgbàlagbà ọdẹ kan wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Àkàrà-ògùn ni ọdẹ náà. Ó sọ bí òun ṣe nìkan lọ sí Igbó Irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti bí òun àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ òun, Kàkó àti Ìmọ̀dòye wà lára wọn, ṣe lọ sí Òkè Láńgbòdó lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ gan-an, ó sọ fún wa pé àjẹ́ ni ìyá òun, pé bàbá òun yìnbọn lu ìyá náà nígbà tí ó para dà di ẹranko, àti pé kò pẹ́ púpọ̀ tí bàbá náà fi kú. Ní ojú ewé díẹ̀, òbí méjèèjì ti lọ, ìtàn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀.

Nínú Igbó Olódùmarè, Àkàrà-ògùn kan náà ni ó padà tọ òǹkọ̀wé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara rẹ̀ ni ó gbé wá mọ́. Ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-ayé, ni. A rí Olówó-ayé nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. A rí i bí ó ti kojú Èṣù-kékeré-òde, bí ó ti fẹ́ Àjẹ́dìran níyàwó, àti bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Baba-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́. Bí a bá fi ọjọ́ orí wò ó, ìwé yìí ni ó ṣáájú. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ pè é ní Apá Kejì Ogbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ó sì pe Ìrìnkèrindò, tí ó jẹ́ ìtàn akọni mìíràn tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra lọ sí Òkè Ìrònú, ní Apá Kẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ìwé méjì yòókù kò sí nínú ẹ̀wọ̀n yìí. Ìrèké Oníbùdó ní olú ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, ó sì gbé wa kúrò nínú igbó lọ sójú omi, títí dé ìjọba Arògìdìgbà nísàlẹ̀ omi. Àdììtú Olódùmarè sọ ìtàn ọmọ òtòṣì kan tí ìyà lé wọ inú igbó, tí ó sì wá rí ire lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdààmú. Lẹ́tà ìfẹ́ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin òun àti Ìyùnadé jẹ́ ohun tí òǹkàwé kì í gbàgbé.

Èrò àwọn tí ó ní kí bàbá ṣáájú

N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó lòdì sí èrò mi ṣánlẹ̀. Wọ́n ní bàbá kì í tẹ̀yìn ọmọ wáyé. Wọ́n ní bí ọmọ ilé-ìwé bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Olówó-ayé, tí ó sì wá bọ́ sórí Àkàrà-ògùn, ìtàn yóò máa ṣàn geere bí odò, olùkọ́ sì lè ya ìlà ìdílé wọn sí ara pátákó láìsí ìdàrúdàpọ̀. Wọ́n tún ní àkọ́ṣe kì í jọ àṣetúnṣe: ọdún mọ́kànlá ni ó wà láàrin ìwé méjèèjì, ọwọ́ òǹkọ̀wé sì ti mọ́ iṣẹ́ sí i nígbà tí ó fi kọ èkejì. Òótọ́ wà nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́ta ni mo fi gbà pé Ogbójú Ọdẹ ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ìdí mẹ́ta

Ìdí kìn-ín-ní ni ohun tí òǹkọ̀wé gbà pé òǹkàwé ti mọ̀. Nígbà tí Àkàrà-ògùn wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ Igbó Olódùmarè, Fágúnwà ń kọ̀wé sí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti ka Ogbójú Ọdẹ yóò yọ̀ bí ẹni tí ó rí ọ̀rẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹni tí kò kà á yóò máa béèrè pé, "Ta ni bàbá yìí? Kí ni ó jẹ́ kí òǹkọ̀wé bọ̀wọ̀ fún un báyìí?" Mo gbà pé ibí yìí ni wàhálà kíláàsì olùkọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà wọ ilé láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tí ń kí ara wọn, wọn kò sì mọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ìdí kejì ni Àjẹ́dìran. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ka Igbó Olódùmarè yóò ka ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Olówó-ayé bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lásán. Yóò rẹ́rìn-ín sí orúkọ ìyàwó, yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ka Ogbójú Ọdẹ mọ irú ikú tí ń bẹ níwájú ilé Olówó-ayé. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìbọn ọkọ yóò pa aya, tí ọkọ náà kò sì ní pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ orúkọ náà, Àjẹ́dìran, ara rẹ̀ yóò bù ú. Gbogbo ayọ̀ inú ìwé kejì yóò wá ní ìbànújẹ́ díẹ̀ lábẹ́. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ọkùnrin tí a fi gbólóhùn díẹ̀ sin nínú ìwé kìn-ín-ní wá di odidi ènìyàn lójú wa: akọni tí ó ti ṣe ọ̀dọ́ rí, tí ó ti ní ìrètí rí. Bí a bá yí ètò náà padà, àánú yìí kò ní sí níbẹ̀. Akọni tí a ti bá rìn jálẹ̀ odidi ìwé yóò kàn kú fìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn, òǹkàwé yóò sì rò pé òǹkọ̀wé kò náání rẹ̀.

Ìdí kẹta ti inú àṣà wa wá. Báwo ni a ti ń mọ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá? A kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá. Ọmọ ni a kọ́kọ́ ń rí. Bí ìwà rẹ̀ bá wú wa lórí, a ó béèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bàbá yóò jáde. Oríkì náà kò tẹ̀ lé ètò ọdún. Ẹni tí ó dúró níwájú wa ni akéwì ń wò tí ó fi ń pe àwọn baba rẹ̀ wá sí agbo. Ó lè pe bàbá, kí ó tún padà sórí ọmọ, kí ó tó kan bàbá ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà ṣe. Ó fi ọmọ hàn wá ní 1938, ó jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wá dáhùn ìbéèrè wa nípa bàbá ní 1949. Èmi kò rí ètò tí ó bá ìṣe wa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò náà ni àwọn tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kà á pẹ̀lú bá pàdé lọ́wọ́ Wọlé Ṣóyínká: ìtumọ̀ Ogbójú Ọdẹ tí ó ṣe jáde ní 1968, ti Igbó Olódùmarè kò sì jáde títí di 2010. Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n fi mọ ọmọ lọ́wọ́ Ṣóyínká kí wọ́n tó mọ bàbá.

Ibi tí ètò yìí ti lè yí padà

Bí mo ti sọ èyí, ọ̀nà kan kò wọjà. Ohun tí ó yẹ kí a wò kì í ṣe ìwé nìkan. Ó yẹ kí a wo ẹni tí yóò kà á.

Fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí ó sì ní àkókò, ètò tí àwọn ìwé fi jáde ni kí ó tẹ̀ lé: Ogbójú Ọdẹ, Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò, kí ó fi Àdììtú parí rẹ̀. Ẹ wo àǹfààní kan nínú ètò yìí. Ìrìnàjò Ogbójú Ọdẹ àti ti Ìrìnkèrindò jọra: àwọn akọni kó ara wọn jọ, wọ́n gba inú igbó lọ sí orí òkè kan láti wá ohun tí ó ju wúrà lọ. Bí a bá ka méjèèjì tẹ̀ léra, èkejì lè dà bí àsọtúnsọ. Ṣùgbọ́n bí omi Ìrèké Oníbùdó bá là wọ́n láàárín, ojú yóò ti sinmi kúrò lára igbó kí ó tó tún padà sínú rẹ̀.

Fún ọmọ tí kò tíì mọ Yorùbá kà dáadáa, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹbọra àti iwin kò fà mọ́ra, ẹ má ṣe fi ipá tì í sínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ẹ fi Àdììtú Olódùmarè fún un. Ìwé náà dá dúró. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ó fẹ́ kí a ti ka òmíràn ṣáájú. Ìyà àìní, wàhálà àtijẹ, àti lẹ́tà láàrin ọ̀dọ́ méjì tí ó fẹ́ràn ara wọn: kò sí ọ̀dọ́ Ore tí àwọn ohun wọ̀nyí ṣàjèjì sí. Bí ó bá gbádùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè èyí tí ó kù, nígbà náà ni kí a wá mú un bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà láti orí Ogbójú Ọdẹ.

Ẹni tí ìwé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa? Ọ̀pọ̀ ilé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Èsì mi ni pé kí ó má sọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi odidi ọjọ́ kan sọ ìtàn Ogbójú Ọdẹ fún àwọn ọmọ ní ẹnu: ta ni Àkàrà-ògùn, báwo ni ó ṣe bá òǹkọ̀wé pàdé, báwo ni òbí rẹ̀ ṣe kú. Kí ó tó wá sọ fún wọn pé, "Àgbà yìí ń padà bọ̀ wá sọ ìtàn bàbá rẹ̀." Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀, ẹnu ni ó fi sọ tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Ohun tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀, ìwé lè parí rẹ̀.

Ìparí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwé kíkà rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ ń ka ọ̀wọ́ ìtàn kan, ọmọdé ni wá nínú rẹ̀. Iwájú ni à ń wò, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni à ń lé. Ètò ìjáde ni ó tọ́ sí wa, nítorí pé òun ni ètò tí òǹkọ̀wé fi la àṣírí rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kà á tán, tí a sì fẹ́ tún un kà, a ti di àgbà. Nígbà náà ni kí a wá bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá, kí a tẹ̀ lé e títí dé orí ọmọ, kí a sì wo bí ìwà, orúkọ àti àyànmọ́ ti ń tọ ìdílé kan lẹ́yìn. Àwọn tí ń jiyàn lórí bàbá àti ọmọ kò purọ́ mọ́ ara wọn. Ẹnì kan ń sọ ti àkàkọ́ṣe, èkejì ń sọ ti àkàtúnkà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó gbé ìwé lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ bi ara yín ní ohun méjì: kí ni ìwé yìí gbà pé ọmọ yìí ti mọ̀, àti ta ni yóò sọ ọ́ fún un bí kò bá mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dákẹ́ àríyànjiyàn yín lórí eré ilẹ̀ Jàpáànù. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ gbé irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ wá sórí Àkàrà-ògùn àti Olówó-ayé. Ìlú ẹni tí ó kọ wọ́n kò jìnnà sí yín.